Mo fẹ́ fi 10 MHz kan ṣoṣo bọ́ irinṣẹ́ mẹ́rin, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ?

AkínÌbàdàn:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ náà. Ìbàdàn ni mo wà, rédíò ni mo fi ń ṣeré tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ QO-100, sátẹ́láìtì tí àwa oní rédíò aláfẹ́ ń gbà sọ̀rọ̀, ló sì kó mi sínú ìnáwó tí mo fẹ́ bi yín yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ti mọ̀ pé sátẹ́láìtì yẹn kì í kúrò lójú kan, 25.9 degree ìlà oòrùn ló jókòó sí, láti ọ̀dọ̀ wa níbí díìṣì máa ń gbé ojú sókè gan-an, bíi 63 degree, kò sí ilé aládùúgbò tó lè dí i. Kéèyàn gbọ́ ọ ò le rárá. Ohun tó le ni kó dúró lójú kan.

LNB (orí tó ń gba sígínà níwájú díìṣì) olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo wa ń lò ni tèmi náà. Kírísítà 25 MHz kan báyìí, tó ń gbá ìlù tí gbogbo ẹ̀ ń tẹ̀lé, ló wà nínú ẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 390 kó tó di 9750 MHz, ẹ wá wò ó, tí kírísítà bá fi Hz kan ṣoṣo yẹ̀ nílẹ̀, 390 Hz ló máa fi yẹ̀ lókè. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá ń na orí díìṣì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á kàn máa rìn lọ lójú SDR mi, rédíò tí kọ̀ǹpútà ń darí, èmi á sì máa fi mouse lé e kiri. Tí òjò bá wá rọ̀ lójijì, á tún sáré gba ibi tó ti wá padà.

Mo wá ní kí n ṣe é bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é. Mo ra GPSDO, àpótí kékeré tó ń gba àkókò lọ́dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì GPS tó fi ń tọ́ kírísítà inú ẹ̀ sọ́nà, 10 MHz ló ń gbé jáde. Irinṣẹ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ fi bọ́: kántà (tó ń ka frequency), signal generator (tó ń ṣe sígínà ìdánwò), SDR, àti board kékeré kan tó máa bá mi sọ ọ́ di 25 MHz fún LNB. Ojú ihò kan ṣoṣo ni GPSDO yìí ní o, mo bá kó T ti BNC jọ (ìsopọ̀ onírin tó ń ya wáyà kan sí méjì), mo fi so gbogbo wọn mọ́ra.

Ibi tí mo ti ń wá ìrànlọ́wọ́ nìyí. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí mo bá pa generator báyìí, SDR á ní òun ò rí reference (10 MHz tó fi ń tọ́ ara ẹ̀) mọ́, tí mo bá tàn án padà á dáa. Èkejì, kántà mi ń ka 10,000,000.0 láti àárọ̀ dalẹ́, kì í yẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan ní ìyẹn ti fi hàn pé GPSDO pé, ọkàn mi ni ò gbà á tán. Ẹ̀kẹta, tó bá ti tó bí aago mẹ́jọ alẹ́, iná lọ́ọ̀kì GPSDO, èyí tó ń sọ pé ó ti di GPS mú, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú á máa tàn, nígbà mìíràn títí di aago mọ́kànlá, NEPA ò mú iná o, òjò ò sì rọ̀. Ìparí oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹta tá a wà yìí ó tún wá pọ̀ sí i. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

BàbáBase:

Àbúrò, o kú ìnáwó o. Ìbéèrè kejì ni màá kọ́kọ́ mú torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Lọ wo ẹ̀yìn kántà ẹ, ibi tí wọ́n kọ Ref In sí, ihò tó ń gba reference wọlé. Ṣé wáyà GPSDO yìí kan náà ló wà níbẹ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, GPSDO lò ń fi wọn GPSDO. Ká ní ìyá tó ń ta gààrí ti tẹ ìdí kóńgò ẹ̀ wọnú, o wá ní kó fi kóńgò yẹn náà wọn kóńgò yẹn, ó máa pé, kí ló fẹ́ dín? GPSDO ẹ lè fi 500 Hz yẹ̀, kántà á ṣì máa ka 10,000,000.0 fún ẹ, ojú ò sì ní tì í.

Tó o bá yọ wáyà yẹn kúrò ní Ref In, kántà á padà sórí kírísítà tirẹ̀, nọ́ńbà á wá yàtọ̀, má sáré pariwo pé GPSDO ti bàjẹ́, kírísítà inú kántà lo ń rí yẹn, òun ló yẹ̀. Ìwọ̀nba ohun tí nọ́ńbà yẹn lè sọ fún ẹ nìyẹn.

Ohun tó o nílò ni orísun kejì tí kò bá ti àkọ́kọ́ tan. Èmi, iṣẹ́ base station (òpó tẹlifóònù) ni mo ṣe jẹun, nígbà ayé CDMA, irú nẹ́tíwọ́kì tẹlifóònù kan, nílẹ̀ yìí, ayé Visafone àti Starcomms, kò sí base station CDMA tí kì í ní GPS lórí, torí pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jọ mọ aago kan náà ni, kí ìyàtọ̀ àárín wọn má ju ìwọ̀nba microsecond díẹ̀ lọ. Inú irú àwọn ẹ̀rọ tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ni ọ̀pọ̀ rubidium (aago átọ́ọ̀mù kékeré tí òun náà ń tu 10 MHz) tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ti jáde, FE-5680A, LPRO-101, gbogbo ẹ̀. Rubidium ò nílò sátẹ́láìtì kankan, átọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ló ń tọ́ ọ, nílé tàbí nínú àjàalẹ̀, tó bá ti gbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ á lọ́ọ̀kì. Kì í ṣe pé kì í yẹ̀ o, ó máa ń gbó díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ìyẹ̀ ẹ̀ láàárín oṣù kan kéré débi pé àwa aláfẹ́ yìí ò lè fi ojú lásán rí i. Kó o rántí bá a wá pátákó irin ńlá tó máa gbé e lé, ooru ẹ̀ ò kéré, LPRO sì fẹ́ 24 volt, má lọ fi 12 dá a lóró.

Tó o bá ti ní méjèèjì, skóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì sójú, ló kù, kò sí ohun tó dùn tó o. GPSDO lọ sí channel kìíní, kí skóòpù máa trigger (máa mú ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán) lórí ẹ̀. Rubidium lọ sí channel kejì. Ti channel kìíní á dúró gbagidi, ti kejì ni kó o máa wò. Tí kò bá rìn rárá, wọ́n bára mu. Tó bá ń rìn, mú aago lọ́wọ́, kó o wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí ìgbì kan tó rọ́pò èkejì láìkù síbì kan. Ìgbì kan ní 10 MHz jẹ́ 100 nanosecond, nítorí náà tó bá gbà á ní ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù. Tó bá gbà á ní ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn bí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá. Kántà tó ń ka ìgbì fún ìṣẹ́jú àáyá kan ò lè rí irú nǹkan báyẹn láyé, Hz kan nínú 10 MHz lojú ẹ̀ mọ, ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá nìyẹn.

T yẹn ní tiẹ̀, yọ ọ́ dànù, ra ampilifáyà tó ń pín in.

Wasiu_Wáyà:

Ẹ̀gbọ́n BàbáBase mo kí yín o, ọ̀rọ̀ kántà yẹn ẹ ti sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n ti T yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣe é jẹ́jẹ́, kì í ṣe T ló jẹ̀bi, bó ṣe so ó ló jẹ̀bi.

Akin, wo ìwé irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wàá rí i pé Ref In àwọn kan jẹ́ 50 ohm, ti àwọn mìíràn jẹ́ bíi 1 kilo-ohm. Tí gbogbo wọn bá jẹ́ ti kilo-ohm yẹn, kò sóhun tó ní kó o má lo T. Fa kébù kan ṣoṣo láti GPSDO, kó gba ẹ̀yìn gbogbo wọn kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí T jókòó sórí ihò irinṣẹ́ gangan, kó má ní ẹ̀ka kankan tó gùn, tó bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn kó o fi terminator 50 ohm (resistor tó ń gbé ìgbì mì kó má padà) dí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Àmọ́ tó o bá fi méjì tó jẹ́ 50 ohm sórí ìlà kan náà, o ti gé sígínà nìyẹn, tí ẹ̀ka mẹ́rin bá wá ti ojú kan ṣoṣo yọ, ìgbì á máa lọ á máa padà, á máa ta kora.

Ìdí tí SDR fi ń ké tó o bá pa generator: nígbà tí ẹ̀rọ ò bá ní iná, chip tó wà lẹ́nu ihò ẹ̀ kì í dákẹ́ jẹ́jẹ́, diode tí wọ́n fi ṣọ́ ọ á máa fa sígínà tó bá wọlé wálẹ̀, yóò sì fà á wálẹ̀ fún gbogbo ará ilé. Kò sóhun tó ṣe GPSDO ẹ níbẹ̀ yẹn.

Ṣá o, mo fẹ́ bi ẹ́, irú GPSDO wo ló wà lọ́wọ́ ẹ? Torí pé àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní GPSDO tó jẹ́ pé module GPS lásán ni, kò sí kírísítà olóoru kankan nínú ẹ̀, wọ́n kàn sọ fún module yẹn pé kó máa tu 10 MHz. Ọ̀pọ̀ module tí ilé iṣẹ́ u-blox ń ṣe yẹn, aago 48 MHz ni wọ́n ń pín, 48 tó o bá pín in sí 10 kì í dọ́gba, nítorí náà ìgbì kan á gùn, èkejì á kúrú, wọ́n á kàn máa ṣe àròpọ̀ ẹ̀ kó lè pé. Lórí kántà ó pé géérégé. Lójú skóòpù, etí ìgbì á máa gbọ̀n. Tó o bá wá gbé irú ìyẹn fún LNB kó sọ ọ́ di 9750 MHz, ohùn tó o máa gbọ́, ó dàgbéré. Tó bá jẹ́ òun lo ní, ní kó máa tu 8 MHz, ìyẹn dọ́gba nínú 48, ó mọ́ ju 10 lọ, ṣùgbọ́n OCXO gidi, ìyẹn kírísítà olóoru, ni kó o wá.

BàbáBase:

Wasiu, mo gbà fún ẹ lórí terminator, o ṣeun. Síbẹ̀ T ò lè ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ariwo tó bá ti ẹ̀yìn irinṣẹ́ kan jáde, gbogbo ìlà ló máa gbọ́ ọ. Ampilifáyà tó ní ihò mẹ́fà, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ihò kìíní ò kan ti ẹ̀kẹfà, o lè yọ wáyà, o lè pa ẹ̀rọ, o lè fi wáyà kan wáyà, àwọn yòókù ò ní mọ̀.

Kò sì dìgbà tó o bá ra tuntun olówó gọbọi. Wá èyí tí àwọn oní tẹlifíṣọ̀n fi ń pín fídíò àtijọ́, ẹnu kan wọlé, mẹ́fà jáde, gbogbo ẹ̀ BNC, wọ́n ti ń jù wọ́n nù báyìí torí ayé ti di fídíò dígítà. 10 MHz ò ga jù fún wọn rárá. 75 ohm ni wọ́n o, tó o bá gbé e fún ẹ̀rọ 50 ohm, ohun tó máa dé ibẹ̀ á jẹ́ bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, irinṣẹ́ wo ni ìyẹn ò tó? Ẹni tó bá mọ soldering ẹ̀wẹ̀ lè fi op-amp (chip ampilifáyà) tó yára ṣe tiẹ̀, ìlọ́po méjì, kí ihò kọ̀ọ̀kan ní resistor 50 ohm tirẹ̀ kó tó jáde.

Ohun kan tí wọn kì í sọ: tó bá jẹ́ inverter lò ń lò, pàápàá irú èyí tí ìgbì ẹ̀ ò yípo dáadáa, fi transformer kékeré sí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan kí irin ara kébù tòkè má kan irin ara tìsàlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́ 50 Hz inú ilé á gba ara kébù wọlé, wàá máa rí ẹ̀ka kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ sígínà ẹ lórí SDR, 50 lápá ọ̀tún, 50 lápá òsì, o ò ní mọ ibi tó ti wá.

Títí_Leeds:

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi, ní Leeds níbí mo kọjú díìṣì sí QO-100 náà, ìsàlẹ̀ ni tiwa ń wò, ilé aládùúgbò ni ìṣòro tèmi.

Akin, kó o tó lọ ra rubidium, ṣe èyí tí kò gba owó ná. Gbọ́ àwọn tó ń fi àkókò ránṣẹ́ lórí rédíò. WWV wà ní Fort Collins, ní Colorado, lórí 2.5, 5, 10, 15 àti 20 MHz, NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwọ̀n, ló ni í, aago átọ́ọ̀mù ló ń darí ẹ̀. Moscow ní RWM, 4996, 9996 àti 14996 kHz. Àwa tá a wà níbí ní MSF lórí 60 kHz, Rugby ló wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Anthorn ní 2007, àwọn ará Jámánì ní DCF77 ní 77.5 kHz, ìyẹn dúró dáadáa torí pé ilẹ̀ ló ń gbà wá, ṣùgbọ́n Ìbàdàn jìnnà sí wọn jù, má da ara ẹ láàmú lórí ìyẹn.

Fi GPSDO bọ́ SDR ẹ, gbé e lé WWV 10 tàbí 15 MHz nígbà tó bá ń wọlé dáadáa, wo ibi tí carrier ẹ̀ (ìgbì tó gbé ohùn) bọ́ sí. Tó bá fi 20 Hz yẹ̀, nǹkan kan wà tó ń ṣe GPSDO ẹ tàbí SDR ò gba reference rárá, ìyẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀ ju bó o ṣe rò lọ, èèyàn á so wáyà, á gbàgbé láti tẹ ibi tí wọ́n ti ń yan external nínú software. Tó bá wà láàárín Hz kan síhìn-ín sọ́hùn-ún, a jẹ́ pé kò sí jìbìtì ńlá. Má retí ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ ẹ̀ o. Sígínà WWV kì í rìn gba ilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ, òkè ló ń gbà, ara ionosphere, ìpele afẹ́fẹ́ tó ní iná mànàmáná lókè, ló ń lù padà wálẹ̀, ionosphere yẹn kì í sì í dúró, á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀, tó bá ń sún mọ́ ilẹ̀ frequency á ga díẹ̀, tó bá ń sá lọ sókè á lọ sílẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ló máa ń pọ̀ jù. Ìdajì Hz nínú 10 MHz, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù nìyẹn, GPSDO tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa sàn ju ìyẹn lọ fíìfíì. Nítorí náà WWV lè sọ fún ẹ pé GPSDO ò ya wèrè, kò lè sọ fún ẹ pé ó pé.

Àwọn kan ti yí i po wàyí, GPSDO ni wọ́n fi ń wọn ionosphere. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2019 tí WWV ń ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn HamSCI, ẹgbẹ́ oní rédíò aláfẹ́ tó ń ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ní kí gbogbo ẹni tó bá lè ṣe é gba sígínà WWV sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n kọ bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi rò pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lẹ ní ionosphere tó yẹ kéèyàn máa wọ̀n, tiwa níbí ò ní eré lára tó bẹ́ẹ̀.

Fún LNB ní tiẹ̀, QO-100 fúnra ẹ̀ ní beacon (sígínà àmì tó dúró lójú kan) ní 10489.500 àti 10489.750 àti 10490.000 MHz, Bochum ní Jámánì ni wọ́n ti ń fi wọ́n ránṣẹ́. SDR Console lè di beacon yẹn mú kó sì máa fi tọ́ gbogbo ẹ̀ sójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ gbé GPSDO dé ọ̀dọ̀ LNB rárá, beacon ni wọ́n gbójú lé.

ỌmọFísíìsì:

Mo ti ń dúró kí ẹnì kan mú ọ̀rọ̀ aago mẹ́jọ alẹ́ yẹn. Bọ̀dá Akin, wọn ò ta ayédèrú fún yín o, ojú ọ̀run ló ń ṣe yín.

Ìlà equator ti mágínẹ́ẹ̀tì ayé ò jọ ti inú máàpù, apá Àríwá Nàìjíríà ló gbà kọjá, nítorí náà gbogbo wa níbí la sún mọ́ ọn. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ionosphere tó wà lókè wa á kọ́kọ́ ta sókè, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á wá dàrú, ibi tí kò ti ní electron púpọ̀ á máa yọ́ gòkè láàárín èyí tó ki, wọ́n ń pè é ní plasma bubble. Sígínà GPS ní 1575.42 MHz tó bá gba àárín ẹ̀ kọjá á máa ga á máa lọ sílẹ̀ wìrìwìrì, receiver á ní òun ò rí sátẹ́láìtì yẹn mọ́. Scintillation lorúkọ ẹ̀. Ọwọ́ alẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń rọlẹ̀ tí òru bá ti jìn. Oṣù kẹta sí ìkẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló máa ń le jù níbí, tí ọdún yẹn bá tún wá jẹ́ ọdún tí oòrùn ń ṣiṣẹ́ gan-an, irú bíi 2024, ó di wàhálà. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi rí i pé òpin oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ò lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe é kó má dun GPSDO yín. Tí receiver inú ẹ̀ bá gba Galileo (ti Yúróòpù) àti BeiDou (ti Ṣáínà) mọ́ GPS, ẹ tan gbogbo ẹ̀, torí pé bubble yẹn kì í bo gbogbo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà, bí ti ìwọ̀ oòrùn bá kú ti ìlà oòrùn lè wà. Tó bá jẹ́ irú receiver tí wọ́n ṣe fún àkókò, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọn ibi tó wà dáadáa, kẹ́ ẹ wá sọ fún un pé ibẹ̀ ló máa wà títí, látìgbà yẹn sátẹ́láìtì kan ṣoṣo náà ti tó o láti mọ àkókò. Àntẹ́nà kó wà níbi tó ti ń rí gbogbo òkè, kì í ṣe ojú fèrèsé.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé kí GPSDO má gba gbogbo ohun tí GPS bá sọ gbọ́ lójú ẹsẹ̀. 1PPS, ìlù ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá tó ń ti GPS wá, lè fi bíi 20 nanosecond yẹ̀ síwá sẹ́yìn láti ìṣẹ́jú àáyá kan sí èkejì, lórí ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ìyẹn burú ju OCXO lọ, lórí odindi ọjọ́ kan ló tó wá di nǹkan tín-ín-rín. OCXO ló mọ ìṣẹ́jú yìí, GPS ló mọ ọjọ́. Tí OCXO bá dáa, wákàtí mẹ́ta tí GPS fi ń ṣe rádaràda lálẹ́ ò tó nǹkan kan lójú ẹ̀.

AkínÌbàdàn:

Ha! Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é. Mo ti lọ wo ẹ̀yìn kántà, wáyà GPSDO ló wà ní Ref In lóòótọ́. Wasiu, OCXO wà nínú tèmi, mo tú u wò, ó ń gbóná lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ ohun méjì ló kù. Iná ọba: tí wọ́n bá mú un lọ tí wọ́n mú un dé, ṣé mo lè máa lò ó lójú ẹsẹ̀ tí iná lọ́ọ̀kì bá ti tàn? Àti pé mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà mi mọ àkókò dáadáa fún FT8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ lórí rédíò), dátà tí mò ń rà ò dúró sójú kan, ṣé GPS yìí náà lè bá mi ṣe é?

BàbáBase:

Má jẹ́ kó kú rárá, òun ni ìdáhùn. OCXO tó bá ti tutù tó tún gbóná kì í padà síbi tó wà gẹ́lẹ́, á gbà á lákòókò kó tó jókòó, iná lọ́ọ̀kì á sì ti tàn kí ìyẹn tó parí. Bátìrì 12 volt kan, lithium tó bá ṣe é ṣe, kí charger wà lórí ẹ̀ nígbà gbogbo, kí GPSDO máa mu lára bátìrì. Tó bá ti gbóná tán, ohun tí kékeré bẹ́ẹ̀ ń mu ò ju wọ́ọ̀tì díẹ̀ lọ, bátìrì ọ̀kadà gan-an á gbé e di àárọ̀. Rubidium ni kò ṣe é ṣe irú ẹ̀ fún, ìyẹn ń jẹ iná, máa tàn án nígbà tó o bá fẹ́ wọn nǹkan.

Wasiu_Wáyà:

Ti àkókò, ó rọrùn. Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) kan, module GPS tó ní ẹsẹ̀ PPS, so PPS yẹn mọ́ ẹsẹ̀ GPIO 18 lára Pi, kó o tan pps-gpio (driver tó ń ka PPS), kó o jẹ́ kí chrony (software tó ń tọ́ aago) máa ka PPS àti ọ̀rọ̀ tí GPS ń sọ. Má ra èyí tó kàn jẹ́ USB lásán kó o máa retí iṣẹ́ ìyanu, ọ̀rọ̀ tó ń gba USB wọlé máa ń pẹ́ lọ́nà, ó sì yàtọ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá kan sí èkejì, PPS ló ń sọ ibi tí ìṣẹ́jú àáyá ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ yẹn kàn ń sọ èwo ni. Pẹ̀lú PPS, Pi yẹn á wà láàárín microsecond díẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé á lè máa bi í, dátà ò sí nínú ẹ̀ mọ́.

Tó bá jẹ́ FT8 nìkan, mo rò pé o ń fi àdá pa eṣinṣin ni. Ó kàn fẹ́ kí aago ẹ má yẹ̀ ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. ng.pool.ntp.org (àwọn server aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì) á gbé e, lórí dátà burúkú náà, ìṣòro tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà tí ìbéèrè gbà lọ àti èyí tí ìdáhùn gbà bọ̀ lè má gùn bákan náà, NTP, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà béèrè àkókò, á sì máa rò pé wọ́n dọ́gba. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, máa wo DT (bí àkókò sígínà ṣe yàtọ̀ sí aago ẹ) nínú WSJT-X, software FT8. Tí ti gbogbo èèyàn bá wà ní 0.1, 0.2, aago ẹ dáa. Tí gbogbo wọn bá jọ wà ní 1.2, kì í ṣe gbogbo ayé ló pẹ́, aago tìẹ ló yá. Lórí QO-100 wàá rí bí 0.25 lé, torí pé sígínà gòkè lọ sókè ó tún sọ̀ kalẹ̀, má fi ìyẹn ṣe ẹ̀ṣẹ̀ aago.

Tó o bá ra Trimble Thunderbolt, GPSDO àtijọ́ kan, lọ́jọ́ iwájú, tó ń sọ fún ẹ pé ọdún kan tó ti kọjá tipẹ́ la wà, má bẹ̀rù, láti oṣù keje 2017 ni déètì wọn ti padà sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 1024, 10 MHz àti PPS wọn ò yí. Àti pé aago GPS fi ìṣẹ́jú àáyá 18 ṣíwájú UTC (aago àgbáyé) láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017, tó o bá rí 18 yẹn níbì kankan, ẹnì kan ti gbàgbé láti yọ ọ́ ni.

Títí_Leeds:

Akin, ìwọ ò béèrè àmọ́ wàá kàn án: bí wàá ṣe gbé 25 MHz dé orí díìṣì. Kébù kejì ni kó o fà, RG-6 lásán á ṣe é, kó o yọ kírísítà inú LNB kúrò, kó o fi capacitor kékeré kan gbé sígínà wọ ẹsẹ̀ tí chip fi ń gbà á. Má ti i lágbára jù, chip yẹn ò fẹ́ ju ìwọ̀nba lọ. Tó o bá sì ti tú ideri LNB, silicone ni kó o fi dí i padà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, díìṣì tó ń wòkè ní 63 degree yẹn, ẹnu LNB tìẹ á kọjú sísàlẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ tó o tú ló máa gba gbogbo omi.

Àwọn kan ní GPSDO oníhò méjì tó lè tu 10 ní ọ̀kan, 25 ní èkejì, board tó o fẹ́ rà yẹn á sì di aláìnílò. Kí board tìẹ tó dé, bi ẹni tó fẹ́ tà á fún ẹ bóyá PLL gidi (ẹ̀rọ tó ń mú kí frequency kan tẹ̀lé òmíràn) ló wà nínú ẹ̀.

AkínÌbàdàn:

Mo ti bi í. Ó ní "ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀gá mi". Màá wá oníhò méjì.